Ṣé ọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo àwọn tí ìjọ àtijọ́ pè ní aládàámọ̀?

Àǹtí Kíláàsì Àgbà (Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní sọ́ńdè sukúù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀kọ́ tó kàn dá lórí àwọn aládàámọ̀ ayé àtijọ́, ìyẹn àwọn tí ìjọ ní ẹ̀kọ́ wọn ti ṣìnà. Ìwé tí wọ́n fún wa di gbogbo wọn pọ̀ bí ẹni di igi ìdáná: Marcion, Montanus, Donatus, Arius, Nestorius, àwọn Cathar, àti Waldo. Ìlà mẹ́ta mẹ́ta ló fún wọn, ó wá ní gbogbo wọn ló sẹ́ Jésù. Èmi náà ì bá kà á bẹ́ẹ̀ kí n sì lọ jókòó, àmọ́ bàbá kan wà ní kíláàsì wa, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gbà kéèyàn sáré kọjá níbikíbi. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀kọ́ yìí báyìí ló ti dìde: "Àǹtí, tó bá jẹ́ pé wọ́n sẹ́ Jésù, kí ló dé tí wọ́n ń jó wọn níná tí wọ́n ṣì ń pe orúkọ Rẹ̀?" Kí n tó la ẹnu, ìyá kan láti ẹ̀yìn ti dáhùn pé àwọn yẹn gan-an ni ìjọ tòótọ́, pé Róòmù ló ń pa wọ́n, àti pé láti ayé àwọn Àpósítélì ni wọ́n ti ń gbé òtítọ́ fún ara wọn lọ́wọ́ títí ó fi kàn wá. Kíláàsì dàrú. Agogo ló gbà mí sílẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn gan-an? Ta ló jọ ta, ta ni kò jọ ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ èdè yunifásítì fún mi. Àwọn tí mò ń kọ́, bí wọ́n bá ti jáde níbẹ̀, ọbẹ̀ ni wọ́n ń lọ gbé kaná.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìdààmú bá yín. Ẹni tó bá ti tako Mẹ́talọ́kan, aládàámọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó, ẹ ṣe oore-ọ̀fẹ́, ó parí.

Bàbá Atẹ̀wé

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ìwọ Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò tíì parí o jàre. Nínú àwọn méje tí àǹtí kà sílẹ̀ yẹn, Nestorius, àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus àti Waldo kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí Mẹ́talọ́kan. Montanus náà, ìjà tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Kí o tó nu pátákó rẹ, mẹ́rin ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, níbí yìí ní ẹ̀gbẹ́ Station Road. Ìwọ̀nba ni irú ìjọ tí iṣẹ́ wọn kò tíì gba orí ẹ̀rọ mi kọjá nílùú yìí: Àgùdà, Áńgílíkà, Onítẹ̀bọmi, Aládùúrà, títí dé àwọn tó ń jọ́sìn ní pálọ̀ ẹnì kan. Mo ní oníbàárà kan tí kì í jẹ́ kí n tẹ "ní orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́" sórí ìwé ètò ìrìbọmi wọn. "Ní orúkọ Jésù" nìkan ni. Á dúró tì mí, á máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà kó tó gbà kí n tẹ̀ ẹ́. Irú ohun tó ń sọ yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ rí ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 220. Sabellius ló ń kọ́ni níbẹ̀ pé Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí kì í ṣe ẹni mẹ́ta, pé ẹnì kan ṣoṣo tó ń fara hàn lọ́nà mẹ́ta ni. Póòpù Callixtus yọ ọ́ nínú ìjọ. Oníbàárà tèmi ń sanwó déédéé, ká má purọ́ mọ́ ọn.

Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé, bí wọ́n bá ti pe ẹnì kan ní aládàámọ̀, kí n kọ́kọ́ béèrè pé orí kí ni ìjà náà wà gan-an. Orí ta ni Ọlọ́run ni? Orí ara àti ayé tí a ń rí yìí ni? Àbí orí ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wàásù, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣèrìbọmi? Ìwé yín kò bi ẹnì kankan ní ìbéèrè yẹn, òun ló ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìkómọ wà ní àdúgbò yín lọ́la, tí a sì fìwé pe gbogbo wọn.

Marcion kò ní wá. Olówó ni, ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Sinope létí Òkun Dúdú, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Ìjọ rẹ̀ kì í ṣèrìbọmi fún ẹni tó bá ń gbé gẹ́gẹ́ bí ọkọ àti aya, ẹ ò wá rí i pé ìkómọ kò lè dùn mọ́ ọn. Ká tiẹ̀ fà á wá, bí ẹ bá ti ṣí ìwé Sáàmù báyìí, ó ti dìde nìyẹn. Lójú tiẹ̀, Ọlọ́run tó dá ayé tó sì fún Mósè ní òfin kì í ṣe Baba Jésù rárá. Ọlọ́run méjì ni, ọ̀kan jẹ́ onídàájọ́, èkejì jẹ́ onífẹ̀ẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kí Jésù tó dé. Ó sọ Májẹ̀mú Láéláé nù látòkè délẹ̀. Ìhìn Rere Lúùkù nìkan ló mú, ó sì gé òun náà, ó fi lẹ́tà Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá tì í. Nígbà tó dé Róòmù ní nǹkan bí ọdún 140, ó ta ìjọ lọ́rẹ 200,000 sesterces, owó Róòmù ayé ìgbà yẹn. Ní 144 tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n ka gbogbo owó náà padà fún un. Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Ìjọ tó dá owó olówó padà nítorí ẹ̀kọ́! Èmi tí mò ń tẹ ìwé ìkórè lọ́dọọdún, mo mọ bí orúkọ ẹni tó dáwó ńlá ṣe máa ń tóbi tó lójú ìwé.

Àwọn Gnostic ni ìwé yín fò, kò sì yẹ kó fò wọ́n. Valentinus wà lára wọn, Róòmù ni òun náà ti kọ́ni, ní nǹkan bí àkókò kan náà pẹ̀lú Marcion. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé kì í ṣe Ọlọ́run tó ga jù lọ ló dá ayé yìí. Wọ́n pínyà níbẹ̀. Marcion ní ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run àjèjì yẹn ni yóò gbà ọ́ là; àwọn wọ̀nyí ní ìmọ̀ àṣírí ni, pé iná kékeré kan láti òkè wà nínú àwọn ènìyàn kan, ó kàn ń sùn ni. Marcion ń gé ìwé kù, àwọn wọ̀nyí ń kọ tuntun kún un. Tipẹ́tipẹ́ ni a ti ń ti ẹnu ọ̀tá wọn gbọ́ nípa wọn, pàápàá Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon ní ilẹ̀ Faransé òde òní, tó kọ ìwé márùn-ún takò wọ́n ní nǹkan bí ọdún 180. Ìgbà tó di 1945, àwọn àgbẹ̀ ní ìtòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì wú ìkòkò kan jáde nílẹ̀, ìwé mẹ́tàlá tí wọ́n fi awọ dì ló wà nínú rẹ̀, èdè Koptik, èdè àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe agbéraga iṣẹ́ mi díẹ̀ níbí. Ẹni tó di àwọn ìwé yẹn kò rí páálí, ló bá kó pépà àlòkù, ìwé ìsanwó àti lẹ́tà tí kò wúlò mọ́, ó lẹ̀ wọ́n sínú awọ kí ẹ̀yìn ìwé lè le. Ọjọ́ wà lára díẹ̀ nínú àwọn pépà náà, láti 341 sí 348. Pépà tí ẹnì kan ì bá fi dáná ló jẹ́ ká mọ ìgbà tí wọ́n di ìwé náà. Kò sí atẹ̀wé tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo abẹ́ káńtà mi.

Montanus máa wá, á sì dá ètò yín rú. Frígíà ló ti jáde, ní ilẹ̀ Tọ́kì kan náà, lẹ́yìn ọdún 150. Obìnrin méjì ló bá a ṣiṣẹ́, Priscilla àti Maximilla, wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbààwẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ, wọn kò gbà kí ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ kú tún fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní Jerúsálẹ́mù tuntun yóò sọ̀kalẹ̀ sí Pepuza, ìlú kékeré kan níbẹ̀. Kí ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń bá wọn jà lé lórí? Pé ẹ̀mí tó ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ ń sọ bíi pé òun ló kàn lẹ́yìn àwọn Àpósítélì, àti pé nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn, wọn kì í mọ ara wọn mọ́. Kò sí Ọlọ́run méjì ńbẹ̀. Tertullian ará Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi èdè Látìn kọ̀wé nípa Mẹ́talọ́kan, ọ̀dọ̀ wọn ló yà sí ní nǹkan bí ọdún 207. Àwa tí a wà nítòsí Iléṣà kò gbọ́dọ̀ sáré rẹ́rìn-ín wọn o. Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní 1930 lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, kì í ṣe gbogbo àwọn tó ti kọ́ ilé ìjọsìn sílẹ̀ ló pàtẹ́wọ́. N kò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo kàn ń sọ pé àǹtí wa máa rí ẹni tó dákẹ́ ní kíláàsì rẹ̀ tí ó bá débẹ̀.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus, ẹni tí wọ́n fi ṣe bíṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Carthage, kò ní bá yín jiyàn lórí ẹsẹ Bíbélì kankan. Ohun tí wọ́n máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Ta ló fi pásítọ̀ yín jẹ?" Ní 303 Késárì Diocletian pàṣẹ kí wọ́n gba Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ àwọn Kristẹni kí wọ́n sun ún. Àwọn kan kú, àwọn kan fà á kalẹ̀. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n fi Caecilian jẹ bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àwọn kan ní ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́wọ́ lé e lórí, Felix ará Aptunga, wà lára àwọn tó fa ìwé kalẹ̀. Wọ́n wádìí Felix, wọ́n ní kò jẹ̀bi. Ìjà ò tán. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni pé ọwọ́ tó ti dọ̀tí kò lè fọ ẹlòmíràn mọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo níbẹ̀, ní Kristi ló ń ṣèrìbọmi, kì í ṣe ọwọ́ àlùfáà. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ní bíṣọ́ọ̀bù méjì méjì ní ìlú kan náà káàkiri Àríwá Áfíríkà. Ní 411 wọ́n pè wọ́n jọ sí Carthage, ó lé ní igba ó lé ọgọ́rin bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òsì, iye tó súnmọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ní kí àwọn Donatus jókòó. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní Sáàmù ní kí àwọn má bá ènìyàn búburú jókòó. Ni Marcellinus, ẹni tí Késárì rán wá dájọ́, bá ní òun náà kò ní jókòó. Èèyàn tó tó báyẹn lórí ìdúró nítorí àga!

Tí ìjọ kan bá ti pín sí méjì lójú yín rí ní Òṣogbo yìí nítorí ìwà olórí kan, ìjà Donatus lẹ rí yẹn.

Arius ni èyí tó yé gbogbo èèyàn jù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àlùfáà ni ní Alẹkisáńdíríà, Íjíbítì. Á jókòó pẹ̀lú yín, á jẹ, á kọrin. Wọ́n tiẹ̀ ní ó kọ orin fún àwọn atukọ̀ àti àwọn tó ń lọ ọkà kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè wọ ìgboro. Ìgbà tí ẹ bá dé ibi "tí a bí, tí a kò dá" nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ló máa pa ẹnu mọ́. Ó ní Ọmọ tóbi ju gbogbo ẹ̀dá lọ, àmọ́ ẹ̀dá náà ni, ìgbà kan wà tí kò sí. Nítorí rẹ̀ ni Késárì Constantine ṣe pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea ní 325. Wọ́n dá a lẹ́bi, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì kú. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n lé Athanasius alátakò rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kúrò nílùú. Àwọn Goth, ẹ̀yà jagunjagun kan ní Yúróòpù, gba Jésù lọ́nà Arius, Ulfilas ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè wọn, ó sì di 589 kí ọba wọn ní Spéènì tó padà sí ti Nicaea ní gbangba.

Àwọn Cathar ló kù, àti Waldo. Ibẹ̀ ni ìyá tó wà lẹ́yìn ti ṣi ọ̀nà.

Cathar tó jẹ́ ẹni pípé láàárín wọn kò ní fọwọ́ kan àmàlà ẹlẹ́ran yín. Kì í jẹ ẹran, ẹyin, mílíìkì tàbí wàràkàṣì, torí pé ohun tó ti ìbálòpọ̀ wá ni. Ẹja nìkan ló ń jẹ. Kì í búra, kì í pa ẹran, kì í fi omi ṣèrìbọmi. Ọwọ́ gbígbé léni lórí ni ìrìbọmi tiwọn, àwọn ọmọ ìjọ lásán sì máa ń fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ikú bá dé, torí ẹni tó bá ti gbà á kò lè padà sídìí ẹran àti ìyàwó mọ́. Bí ẹ bá gbé ọmọ tuntun náà fún un, kò ní bá yín yọ̀. Ẹ̀mí kan tó jábọ́ láti òkè ni wọ́n tún sé mọ́ inú ara yẹn, ara tí Ọlọ́run rere kò dá. Gúúsù ilẹ̀ Faransé ni wọ́n pọ̀ sí, ní agbègbè Toulouse, àti àríwá Ítálì. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Bùlùgáríà ṣáájú, láyé ọba Peter tó jọba láti 927 sí 969, lẹ́nu àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Bogomil.

Valdes, tí ẹ̀yin ń pè ní Waldo, oníṣòwò ọlọ́rọ̀ ni ní Lyon. Ní nǹkan bí 1173 ó pín ọrọ̀ rẹ̀, ó san owó fún àwọn tó túmọ̀ Ìhìn Rere sí èdè ìgboro, ó sì ń wàásù lójú pópó, tọkùnrin tobìnrin ló ń tẹ̀ lé e. Ní 1179 Póòpù Alexander Kẹta yìn ín fún ipò òṣì tó yàn, àmọ́ ó ní kò gbọ́dọ̀ wàásù àyàfi tí àlùfáà ibẹ̀ bá gbà á láyè. Kò lè dákẹ́. Ní 1184 wọ́n dá wọn lẹ́bi ní Verona. Ó máa jẹ ẹran ìkómọ yín o, á gbàdúrà fún ọmọ. Ẹ kàn má ní kó búra.

Ìwé ìdálẹ́bi 1184 yẹn dárúkọ àwọn Cathar àti àwọn ará Waldo pọ̀. Àmọ́ Waldo fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan ní Lyon ní nǹkan bí 1180, ibẹ̀ ló ti sọ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló dá ohun tí a ń rí àti ohun tí a kò rí, pé èèyàn lè ṣègbéyàwó, lè jẹ ẹran. Ta ló ń bá wí? Cathar ni. Durand ará Huesca, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, kọ odidi ìwé takò àwọn Cathar. Ṣé àwọn wọ̀nyí ló wá ń gbé òtítọ́ kan náà fún ara wọn lọ́wọ́?

Ìránṣẹ́ Òtítọ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ìwé tí ọ̀tá kọ ni ẹ ń kà. Ẹni tó jó èèyàn tó tún jó ìwé rẹ̀, ṣé òun lẹ máa bi léèrè ohun tí olóògbé gbàgbọ́? Èmi ò gbà pé àwọn Cathar ní ọlọ́run méjì. Inú Bíbélì ni wọ́n wà. Wọ́n fẹ́ ba orúkọ wọn jẹ́ kí wọ́n lè gba ilẹ̀ wọn ni.

Ìyá Rósárì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Àgùdà ni mí, n kò sì wá fi ọwọ́ bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Wọ́n pa aṣojú Póòpù, Pierre de Castelnau, ní January 1208, ogun tí Póòpù pè sí àwọn Cathar bẹ̀rẹ̀ ní 1209. Ní 22 July ọdún náà wọ́n wọ ìlú Béziers, wọn kò wo ẹni tí í ṣe Cathar àti ẹni tí í ṣe Kátólíìkì kí wọ́n tó pa á. Ogun yẹn kò tán títí di 1229, àwọn ìjòyè láti àríwá Faransé ló sì jèrè rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé èyí. Francis ti Assisi lọ bá Póòpù Innocent Kẹta ní nǹkan bí 1209, òṣì kan náà, ìwàásù kan náà bíi ti Waldo, wọ́n sì gbà á láyè. Tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Waldo ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, bóyá ère rẹ̀ ì bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí. Ọmọ ìjọ rẹ̀ ṣì wà ní Ítálì. Póòpù Francis lọ bá wọn ní Turin ní June 2015, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ti Nestorius, bíṣọ́ọ̀bù Constantinople, tí Bàbá fò, ẹ bá mi fi èyí kún un. Ohun tó ṣe ni pé kò fẹ́ kí wọ́n máa pe Màríà ní Ìyá Ọlọ́run, ó ní Ìyá Kristi ni kí wọ́n máa wí. Wọ́n yọ ọ́ ní ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Efesu ní 431. Ìjọ Ìlà-Oòrùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè dé Ṣáínà, òkúta kan wà ní Xi'an tí wọ́n gbẹ́ ìtàn wọn sí lára ní 781. Ní 1994 Póòpù John Paul Kejì àti olórí ìjọ náà fọwọ́ sí ìwé pé ohun kan náà ni àwọn gbà nípa Kristi. Ẹ̀yin ẹ ro ó wò, láti 431.

Bàbá Atẹ̀wé

Màmá Rósárì, ẹ ṣeun. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fò ó ni, tọ́rọ̀ mi ti gùn.

Ìránṣẹ́ Òtítọ́, ìbéèrè gidi lo bi. Òótọ́ ni pé ohun púpọ̀ tí a mọ̀ nípa àwọn Cathar, inú ìwé àwọn adájọ́ ìjọ tó ń wádìí wọn ló ti wá, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan sì ní ìjọ wọn kò ṣètò tó bí àwọn olùwádìí ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tiwọn kò jóná tán. Májẹ̀mú Tuntun kan ṣì wà ní Lyon lónìí ní èdè Occitan, èdè gúúsù Faransé, ètò ìsìn wọn ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni pé, gẹ́gẹ́ bí o ṣe wí, inú Bíbélì ni wọ́n wà. Àmọ́ ìwé mìíràn tún wà láti Ítálì, ọwọ́ ará ilé wọn ló kọ ọ́ láàárín ọdún 1200 sí 1300, ohun tó sì ń jà fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé orísun méjì ló wà, ti rere àti ti búburú, kò sí èyí tó dá èkejì. Ọ̀tá kọ́ ló kọ ìyẹn. Bí o bá fẹ́ràn wọn nítorí pé wọ́n jìyà, mo bá ọ dé ibẹ̀. Ní March 1244 ó lé ní igba èèyàn tó jáde láti òkè Montségur, ilé odi wọn ní gúúsù Faransé, sínú iná kàkà kí wọ́n sẹ́. Àmọ́ má fi ìgbàgbọ́ tìẹ sí wọn lẹ́nu. Ìwọ tí o ń jẹ ẹran Kérésì, wọn kò ní kà ọ́ mọ́ ara wọn.

Àǹtí Kíláàsì Àgbà

Bàbá, Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín ìkómọ yẹn láti àárọ̀. Ó ku ìbéèrè awakọ̀ mi. Ìgbà wo ni iná bẹ̀rẹ̀? Torí bí mo ṣe ń kà á, wọ́n dá owó Marcion padà ni, wọn kò pa á.

Bàbá Atẹ̀wé

Ojú yín mú. Láyé Marcion, ìjọ kò ní ọlọ́pàá. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń yọ aládàámọ̀ lónìí, àwọn ọmọ ogun Késárì lè wá mú òun náà lọ́la. Ohun tó le jù tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nídìí oúnjẹ Olúwa. Ìgbà tí Késárì di Kristẹni ni ọ̀rọ̀ yí padà: Arius lọ sí ìgbèkùn, Nestorius lọ sí ìgbèkùn, wọ́n ń gba ilé ìjọsìn lọ́wọ́ àwọn Donatus.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Kristẹni pa nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni Priscillian, bíṣọ́ọ̀bù Ávila ní Spéènì, ní Trier, ní ilẹ̀ Jámánì òde òní, ní 385. Ẹ̀sùn oògùn ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, bíṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì fẹjọ́ sùn.

Ìyá Rósárì

Ẹ parí rẹ̀, Bàbá. Bíṣọ́ọ̀bù Martin ti Tours rin ìrìn-àjò lọ bẹ Késárì Maximus kó má pa á. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán, kò fẹ́ bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó fẹjọ́ sùn ún jẹun Olúwa pọ̀. Ẹni mímọ́ ni lọ́dọ̀ wa.

Bàbá Atẹ̀wé

Mo gbà, ẹ má bínú. Lẹ́yìn ti Priscillian, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún gbọ́ irú ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Iná tí ìtàn kọ́kọ́ sọ níbẹ̀, Orléans ni, ní 1022, láyé ọba Robert Kejì ti Faransé. Lẹ́yìn náà ló wá di òfin. Ní England ó wọ ìwé òfin ní 1401 nítorí àwọn ọmọlẹ́yìn Wycliffe, àlùfáà ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀. Wycliffe alára ti kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní 1384, wọ́n tún padà hú egungun rẹ̀ ní 1428, wọ́n sun ún, wọ́n da eérú rẹ̀ sódò. Jan Hus, àlùfáà ará Bohemia, ilẹ̀ Czech òde òní, ni wọ́n sun láàyè ní Constance, 6 July 1415, lẹ́yìn tí ọba Sigismund ti fún un ní ìwé ààbò ọ̀nà.

Torí náà, ìdáhùn fún awakọ̀ yín ni pé àwọn tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń pe Jésù, òun ni wọ́n ń pè lóòótọ́. Oníkálukú ló mọ Jésù tó ń pè, kì í ṣe ẹnì kan náà lójú wọn. Ti Arius jẹ́ ẹ̀dá, ti Cathar kò ní ẹran ara gidi, ti Waldo kò yàtọ̀ sí tiyín. Ìyá tó wà lẹ́yìn, ẹ bi í léèrè pé nínú gbogbo wọn, ta ló máa gbà kí ó wá sọ ọmọ-ọmọ òun lórúkọ. Ẹ jẹ́ kó yan ẹyọ kan. Kíláàsì yín á gbóná, mo ṣèlérí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bàbá, mo ti nu pátákó mi. Èmi ó pe Waldo.

Àǹtí Kíláàsì Àgbà

Ìwọ ò níṣẹ́ ń ṣe. Bàbá, ṣé ẹ lè bá mi tẹ àwòrán ilẹ̀ kan, èyí tó fi Sinope, Pepuza, Carthage, Lyon àti Toulouse hàn? Àwọn àgbà mi fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè fi ìka tọ́ka sí.

Ìránṣẹ́ Òtítọ́

Ẹ fi Montségur sí i o. N kò tíì gbà.

Bàbá Atẹ̀wé

Yóò wà níbẹ̀. Àǹtí, ẹ wá kí ó tó di ọ̀sán Jimọ̀, tiná bá wà. Ọjọ́ Sátidé ti kún fún ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ mú pépà fífẹ̀ dání, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ti rọ.